Exchange 2019 ẹ̀dà ìtọ́wò: mo gbé e sí láàbù nítorí ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ àti Èkó

Nígbà tí Microsoft gbé ẹ̀dà ìtọ́wò Exchange Server 2019, sọ́fítíwìà tó ń bójú tó ímeèlì ilé-iṣẹ́, síta ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2018, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí bóyá kí àwọn gbé e sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo àwọn yòókù) ibi iṣẹ́ àwọn. Mo ní rárá o. Ọbẹ̀ tó ṣì ń hó lórí iná ni. Ìyàwó ilé fi ìgbákọ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Kò tíì ké sí àlejò kó wá jẹun. Láàbù, ìyẹn ibi ìdánwò, ló yẹ ẹ́. Inú láàbù ni mo fi í sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí ímeèlì má dákú ní ọ́fíìsì kékeré kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. A ní ẹ̀ka ní Èkó, a sì ní ẹ̀ka kan tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ará Èkó ló kọ́kọ́ gba eko@, nítorí náà nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ dé, eko2@ la fún wọn. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ kì í lọ balẹ̀ sí Èkó, kò sí oṣù tí ìwé owó-ilé Èkó kì í wá bá olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ìyá tó ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún wa láàárọ̀ gbọ́ àríyànjiyàn náà lọ́jọ́ kan, ó ní kí a fún òun náà ní eko3@.

Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi dúró lórí ìlà kan nínú ohun tí Microsoft kọ nípa ìtọ́wò yìí. Wọ́n sọ ti mẹ́mọ́rì, wọ́n sọ ti kàlẹ́ńdà, mo ń kà á lọ bí ẹni ń ka ìwé ìpolówó. Wọ́n wá sọ pé àdírẹ́sì ímeèlì tó ní lẹ́tà tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nínú yóò lè gba inú Exchange kọjá báyìí, yóò sì dé ibi tó ń lọ bó ṣe wà. Mo wá awò ojú mi, mo tún un kà. Bó ṣe wà? Pẹ̀lú ẹ àti ọ? Pẹ̀lú àmì ohùn lórí? Lóru ọjọ́ yẹn ni mo ra dátà òru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ISO, fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ti délé.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ láàbù dẹ́rù bà yín. Yàrá tí a ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀ ni, nílé mi ní Bódìjà. Sáfà tòkunbọ̀ kan ló wà níbẹ̀, èyí tí mo rà ní Computer Village n'Íkẹjà: mẹ́mọ́rì rẹ̀ 64 GB, ariwo rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìyàwó mi máa ń bi mí ìgbà tí bàálù yìí máa gbéra. Ínfátà kan àti bátìrì méjì tí èmi náà mọ̀ pé wọ́n ti darúgbó ló ń gbé e ró nígbà tí iná bá lọ. Lórí Hyper-V, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣe bí ẹ̀rọ púpọ̀, ni mo to ẹ̀rọ mẹ́rin sí: ọ̀kan fún Active Directory, ìwé orúkọ tí Windows fi ń mọ gbogbo èèyàn àti ẹ̀rọ inú agbo kan, ọ̀kan fún Exchange, ọ̀kan jẹ́ Windows 10 tí mo fi ń wo ojú iṣẹ́, èyí tó kù jẹ́ Linux tí Postfix, sọ́fítíwìà ímeèlì mìíràn, wà lórí rẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn parí sí .test, torí pé wọ́n ti ya ìparí yẹn sọ́tọ̀ fún irú ìdánwò báyìí, kò lè ṣèèṣì kọlu orúkọ ẹnikẹ́ni níta.

Microsoft ní ẹ̀dà yìí lè lo kọ̀ọ̀rù 48, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, àti mẹ́mọ́rì tó tó 256 GB. Èmi tí gbogbo ohun tí mo ní jẹ́ 64, mo dà bí ẹni tó gbé aṣọ ọ̀pá méjì lọ bá télọ̀, tó ní kó rán agbádá fún òun. Ahun mi tún wá kún un: 8 GB péré ni mo kọ́kọ́ bù fún Exchange. Ó wọlé o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tan ẹ̀rọ náà, mo lè lọ wẹ̀, kí n jẹun, kí n padà wá bá àwọn sáfíìsì rẹ̀ tí ìdajì wọn ò tíì jí. Nígbà tí mo sún un sí 24 GB, ó di ẹ̀rọ mìíràn. Bí láàbù yín ò bá ní tó 16 GB tí ẹ lè yọ fún un láìfi ebi pa àwọn yòókù, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀dà yìí ni Server Core. Èyí ni Exchange àkọ́kọ́ tó gbà kí a gbé òun sórí Core. Core ni Windows tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀: kò sí Start, kò sí àwòrán ẹ̀yìn, kò sí ibi tí èèyàn máa fi máòsì tẹ̀ kiri; ojú dúdú kan ni, àti àmì tó ń ṣẹ́jú sí ẹ. Ohun tí kò sí nílé, olè ò lè gbé e. Gbogbo ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn, kò sí ihò tiwọn tí a ó máa dí lóṣooṣù, ìgbà tí a ó máa tún ẹ̀rọ tàn nítorí àbùlẹ̀ sì dín kù. Microsoft fúnra wọn ń gbà wá níyànjú pé Core ni kí a lò fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní òun ò lè gbé nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Mo ní sáfà kì í ṣe pálọ̀, a kì í gbé inú rẹ̀.

Windows Server 2019 ni mo fi sísàlẹ̀, òun náà ṣì jẹ́ ìtọ́wò nígbà yẹn, nítorí náà ìtọ́wò gun ìtọ́wò lẹ́yìn nínú yàrá iṣu mi. Mo tẹ sconfig, mo fún ẹ̀rọ náà lórúkọ, mo fún un ní IP tí kì í yí, mo mú un wọ agbo Active Directory. Mo wá bọ́ sí PowerShell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ:

Install-WindowsFeature Server-Media-Foundation, RSAT-ADDS

Lẹ́yìn ìyẹn ó kan Visual C++ 2013 àti UCMA 4.0, sọ́fítíwìà méjì tí Setup ń béèrè kó tó gbà. Ẹ má wá UCMA kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ISO Exchange gan-an ló wà, nínú fódà UCMARedist. Ibí yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìpè àti ohùn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe UCMA, Unified Messaging tó ń jẹ́ kí àpótí ímeèlì èèyàn gba ohùn tẹlifóònù sílẹ̀ ló sì ń lò ó. Wọ́n ti yọ Unified Messaging kúrò nínú ẹ̀dà 2019 pátápátá. Àlejò ti lọ, ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀, bẹ́ ẹ ò bá sì gbé ẹrù náà wọlé, Setup ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá.

Kí Exchange tó wọlé, ó ní láti kọ́kọ́ tún inú Active Directory ṣe. Àwọn nǹkan tó ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi rọ́bà pa. Bí a bá ti fẹ schema, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ nìyẹn títí láé. Ìdí pàtàkì mìíràn nìyí tí n kò fi fẹ́ rí ẹ̀dà ìtọ́wò nínú agbo gidi: ẹ lè nu Exchange kúrò lọ́la, àpá rẹ̀ ò ní kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́:

Setup.exe /IAcceptExchangeServerLicenseTerms /PrepareSchema

Ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń wá ibi tí DNS, tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà, ti bàjẹ́, DNS ò sì bàjẹ́. Èmi ni mo wọlé pẹ̀lú orúkọ alábòójútó ẹ̀rọ yẹn nìkan, dípò orúkọ alábòójútó agbo tó wà nínú Schema Admins àti Enterprise Admins. Ojú dúdú ò kọ orúkọ ẹni tó wọlé sí igun kankan kí n rí i. Mo jáde, mo padà wọlé bó ṣe yẹ, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó wá kan /PrepareAD, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́. Mo fẹ́ kọ Láàbù Bódìjà. Kò ṣeé ṣe: A dé Z, òǹkà, ààyè òfìfo àti àmì ìdáǹdúró nìkan ni orúkọ yẹn gbà, bí a bá sì ti kọ ọ́, kò sí yíyí padà. Sọ́fítíwìà tó ṣèlérí pé òun yóò gbé ẹ̀kọ́ kọjá láìyọ àmì kan, òun náà ló ní kí n bọ́ àmì lórí Bódìjà. Mo kọ Laabu Bodija, mo mí kanlẹ̀.

Àṣẹ tó kẹ́yìn ni /Mode:Install /Roles:Mailbox. Ojú dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, COMPLETED ń to lé ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá ti fi 2016 sórí ẹ̀rọ rí yóò kíyè sí i pé ìlà Unified Messaging tó máa ń wà láàárín wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Transport ti parí, Client Access ti parí, ó dé orí Mailbox service, ibẹ̀ ló máa ń pẹ́ sí jù. Iná lọ. Ínfátà gbà á. Mo wo àmì bátìrì, mo ní yóò tó. Kò tó. Èmi tí mo ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé àwọn bátìrì yẹn ti darúgbó, tí mo ń sọ pé oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa pààrọ̀ wọn, èmi náà ni mo jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ariwo tó dáwọ́ dúró lójijì. Ìyàwó mi ké láti inú ilé pé bàálù ti balẹ̀.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí ẹ gbọ́, torí pé kò ní iná nínú. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀rọ Exchange pamọ́ pẹ̀lú checkpoint Hyper-V, tó ń jẹ́ kí a lè dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà, kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo yọ̀. Mo dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà láàárọ̀, mo tún Setup bẹ̀rẹ̀, ó ní Exchange kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà nínú agbo. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ Exchange ti padà sí àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Active Directory ṣì wà ní ọ̀sán, gbogbo ohun tí Setup ti kọ sínú rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀kan ò rántí, èkejì ò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pa ẹ̀rọ méjèèjì, mo máa ń ya fọ́tò wọn pọ̀, tí mo bá sì máa dá ọ̀kan padà, mo dá èkejì padà. Lẹ́ẹ̀kejì ó parí láìsí wàhálà. Mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sílẹ̀ de ìyẹn.

Nípa ojú tó ń fi wòni, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ṣí Windows 10, ẹ lọ sí /ecp, ojú-ewé tí a ti ń ṣàkóso rẹ̀, ìkìlọ̀ ìwé-ẹ̀rí yóò yọ torí pé Exchange ló fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀, ẹ kọjá, ẹ ti délé. Bí ẹ bá mọ 2016, ẹ mọ èyí. Ìwákiri ló yí jù lábẹ́: ìmọ̀ Bing, ẹ̀rọ ìwákiri Microsoft, ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, atọ́ka ọ̀rọ̀ sì ti wọnú àpótí lẹ́tà fúnra rẹ̀ dípò fódà tó máa ń dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ database, àká tí gbogbo lẹ́tà wà. Ẹni tó bá ti fi òru ṣíṣẹ́ rí nítorí atọ́ka tó bàjẹ́ lórí ẹ̀dà kejì database yóò mọ ìdí tí mo fi ní ẹ ṣeun fún ìyẹn.

Kàlẹ́ńdà náà ní ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ní ọ́fíìsì wa, bí ẹnì kan bá jápa lọ sí Kánádà, ìpàdé tó ti pè sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ Ajé kì í bá a lọ. Á máa dún lórí fóònù wa títí. Níbí, àṣẹ Remove-CalendarEvents pẹ̀lú -CancelOrganizedMeetings yóò fagi lé àwọn ìpàdé tó ń bọ̀ tí ẹni náà pè, yóò sì jẹ́ kí àwọn tó pè mọ̀. Mo dá ẹnì kan sílẹ̀ nínú láàbù, mo ní kó pe ìpàdé mẹ́wàá, mo lé e lọ, mo tẹ àṣẹ náà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ó wá ku ohun tó gbé mi dé yàrá iṣu. Láti orí Linux ni mo ti kan ilẹ̀kùn Exchange ní pọ́ọ̀tù 25, ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà wọlé, mo kí i ní EHLO, ìkíni àwọn sáfà ímeèlì. Nínú àwọn ìlà tó fi dáhùn ni èyí wà:

250-SMTPUTF8

Ìlà yẹn ni sáfà kan fi ń sọ fún èkejì pé, bí orúkọ tó o gbé dání bá lámì, gbé e wá, mo lè kà á. Òfin tó gbé e kalẹ̀, RFC 6531, ti jáde láti oṣù Kejì ọdún 2012. Gmail ti ń gba irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, tó sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Postfix mọ̀ ọ́n láti ẹ̀dà 3.0 ní 2015. Exchange ò sáré débẹ̀, ó rọra rìn dé ni.

Lórí Postfix mo kọ táblì kékeré kan. Ẹ̀kọ́@ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo pè ní oluko, ẹ̀kọ@ lọ sọ́dọ̀ eleko, èkó@ lọ sọ́dọ̀ araeko. Àpótí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọ́fíìsì wa ti fún mọ́ ara wọn láti ọdún yìí wá. Lórí Exchange, mo ṣe Send Connector kan tó ń darí ohun gbogbo tó bá jẹ́ ti agbègbè yẹn sí IP Linux náà. Àwọn ẹni ìdánwò tó wà lórí Exchange fúnra rẹ̀, lẹ́tà lásán ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé lẹ́tà yóò kọjá, yóò sì dé, ìyẹn ni mo fẹ́ dán wò.

Mo kọ lẹ́tà láti ẹ̀kọ́@ sí Exchange. Ó wọlé. Mo ṣí OWA, ojú ímeèlì Exchange lórí bráúsà, mo rí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́: ẹ̀kọ́, àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì pé, ohùn méjèèjì pé, kò sí àmì ìbéèrè, kò sí àpótí òfìfo onígun mẹ́rin tó máa ń jókòó sórí orúkọ wa níbi gbogbo. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ló dé?” Mo tẹ Reply, èsì náà lọ, ó balẹ̀ sọ́dọ̀ oluko.

Mo wá ní kí n kọ lẹ́tà tuntun, kí n fọwọ́ ara mi tẹ àdírẹ́sì náà. Ó padà wá bá mi kí n tó gbé ife tíì mi délẹ̀:

550 5.1.1 Recipient address rejected: User unknown in virtual alias table

Ẹ̀kọ́ tí èsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí! Mo gbé àdírẹ́sì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo wá fi hexdump, tó ń fi báìtì inú ọ̀rọ̀ hàn, wo inú wọn, mo sì rí i pé ìyá wọn ò dọ́gba.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí, torí kò sí ẹni tó ń kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà tí èyí ò kàn. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ó náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní ohùn lókè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àfi kí a lẹ nǹkan mọ́ nǹkan. Ẹnì kan lè mú ọ kó lẹ ohùn mọ́ ọn lórí: báìtì márùn-ún, E1 BB 8D CC 81. Ẹlòmíràn lè mú ó kó lẹ àmì mọ́ ọn nísàlẹ̀: báìtì mẹ́rin, C3 B3 CC A3. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lójú táblì Postfix mi, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ìjẹ̀ṣà ni. Kíbọọ̀dù tí mo fi kọ táblì náà ń fi ohùn ṣáájú, èyí tó wà lórí Windows 10 mi ń fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú. Reply dé nítorí pé báìtì tí Postfix kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni Exchange dá padà fún un láìfọwọ́ kàn án. Ohun tó bàjẹ́, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́.

RFC 6532 ti sọ pé NFC ló yẹ kí a máa lò nínú lẹ́tà. NFC ló ń kó ọ̀nà méjì yìí sí ọ̀nà kan, ọ ṣáájú, ohùn tẹ̀ lé e. Mo fi ìlà Python kan tún táblì mi kọ sí NFC, mo tẹ postmap, lẹ́tà kọjá. Mo rò pé ó tán. Mo wá rántí pé àwọn kan wà láàárín wa, pàápàá àwọn àgbà tó ti ń tẹ̀wé Yorùbá tipẹ́, tí wọn kì í fi àmì róbótó sábẹ́ o. Ìlà kékeré òòró ni tiwọn, CC A9. NFC ò ka ìyẹn mọ́ ẹbí ọ rárá. Ẹni tó bá ń ṣe àdírẹ́sì Yorùbá ní láti kọ ìyẹn sí táblì lọ́tọ̀, kó tún kọ èyí tí kò lámì rárá sí i fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ò ní àmì. Fún ọ̀rọ̀ oníṣílébù méjì péré, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwafẹ́yikẹ́mi, Ọlọ́run ló mọ iye tirẹ̀.

Ìdánwò kan kù tí mo ní láti ṣe kí n má baà purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣe Postfix kejì, mo pa SMTPUTF8 lórí rẹ̀ kó lè dà bí ọ̀pọ̀ sáfà tó wà níta, mo sì ní kí ẹ̀kọ́@ kọ lẹ́tà sí i. Postfix àkọ́kọ́ gbé e padà: SMTPUTF8 is required, but was not offered by host. Kò sí ọ̀nà àbùjá, kò sí pé kó bọ́ àmì kúrò lórí kó sì kọjá bí ẹni tó bọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni tó wà lódìkejì ò bá mọ̀ ọ́n, lẹ́tà ò lọ. Títí gbogbo èèyàn yóò fi mọ̀ ọ́n, àdírẹ́sì olóhùn nìkan ò tó fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá bi mí: mo fún ẹ̀dà ìtọ́wò yìí ní méje nínú mẹ́wàá. Core nìkan gba mẹ́ta níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi nígbà yẹn ni pé kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó tó, tí yóò sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ bójú tó Exchange nílé, gbé e sí láàbù, kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ojú dúdú yẹn kí ẹ̀dà gidi tó jáde. Ọ́fíìsì bíi tiwa, Exchange 2016 ṣì tó wa nígbà yẹn, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi ra mẹ́mọ́rì nítorí àwòrán tó jọ ti àná. Èyí tí mo ń wò ni ìlà SMTPUTF8 yẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta léraléra láti OWA, sí ẹ̀kọ́, sí ẹ̀kọ, sí èkó. Wọ́n dé àpótí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó ya ilé onílé. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa kóun náà wá wo ohun tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù mi dún, àwọn ará Èkó ni. Wọ́n ní àwọn rí fọ́tò kan nínú ímeèlì àwọn, ẹ jọ̀wọ́, ta ló ni ín.